Ọ̀bẹ Tí Kò Gbọdọ̀ Gé Ọsàn

Ẹ bá mi bi ọkọ mi léèrè: ọ̀bẹ tí kò gbọdọ̀ gé ọsàn, kí ni wọ́n rọ ọ́ fún? Tẹ́lẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń bi í. Mi ò lè bi í mọ́ báyìí, ẹ óò sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀bẹ náà kò ju ìka ọwọ́ mi tó gùn jù lọ. Ẹnu rẹ̀ ń ká bọ inú èkù, èkù náà dúdú, ìkọ́ kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń há a mọ́ etí àpò. Ojoojúmọ́ ni Kàmọ́rù ọkọ mi ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Nkpor, nílẹ̀ Ìgbò tí à ń gbé, níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò. Ojoojúmọ́ ló sì ń gbé e bọ̀ láìfi gé òwú. Ìkọ́ yẹn ti fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ ya lọ bẹẹrẹ. Ta ló ń rán an? Èmi Bàlíkísù aránṣọ náà ni.

Ká ní òun nìkan ni, mi ò bá gbé e fún Ọlọ́run. Ó lẹ́gbẹ́! Àmínù tó ń tún fóònù ṣe ní Upper Iweka ń bẹ níbẹ̀, Muadh tó ń ta bàtà náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Wasáàpù tó ń jẹ́ Ọ̀bẹ Àpò. Àgbàlagbà ọkùnrin, àwọn tó níyàwó nílé, wọ́n á tẹ́ ọ̀bẹ sórí òkúta, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n á tún tẹ́ ẹ sórí ewé. Tí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ wo apá òsì wọn. Kò sí irun níbẹ̀, wọ́n ti fi dán ọ̀bẹ wò tán.

Iléyá ọdún yìí lọ̀rọ̀ wà. Ọdún méjì gbáko la ò fi rí nǹkan kan pa. Mama Kosi sì rèé, aládùúgbò wa tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í ṣe Kérésì kó má gbé ìrẹsì àti adìyẹ wá fún wa. À ń jẹ, à ń dúpẹ́, ojú ń tì mí. Nígbà tí Ọlọ́run wá ṣe é tí a rí àgbò rà, mo lọ bá a, mo fi èdè rẹ̀ sọ fún un pé, "Nne, itan kan, tìẹ ni." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyá rẹ̀ ní Nkwelle Ezunaka, ó ròyìn itan fún un. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti jáde kúrò nílé.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Málàm tó ń pọ́n ọ̀bẹ kọjá. Mo kó gbogbo ọ̀bẹ ilé fún un, títí kan èyí tí mo fi ń gé àlùbọ́sà. Mo gba ti Mama Kosi mọ́ ọn, kí tirẹ̀ náà lè mú fún itan rẹ̀. Málàm ní a ò ní tíì ti yídì dé tí òun á ti kó wọn wá. A ti yídì dé, a bọ́ṣọ ọdún, Málàm kò sí níbì kankan.

Àmínù àti Muadh ti wá bá wa ṣọdún. Mo sọ fún àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣọ́ àgbò, mo fẹ́ gbé omi kaná." Wọ́n ní kò burú. Mi ò tíì dáná tán tí mo fi gbọ́ kẹ́ńkẹ́! Ọkọ mi ti ṣí ọ̀bẹ.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dún," Àmínù wí, ó ká a, ó tún ṣí i létí ara rẹ̀.

"Ó fúyẹ́," Muadh wí, "ó sì dúró lọ́wọ́. Ìkọ́ yẹn nìkan ló le jù, àpò ló máa ń fà ya."

Mo ké láti ìdí iná pé, "Ẹ ṣeun o! Ẹ bá mi sọ fún un!"

"Ìyàwó wa, ẹ má dá sí i," Àmínù wí. "Irin rẹ̀ ni kí ẹ wò. Irin yìí kì í dípẹtà."

"Á dípẹtà tí omi kíkan bá kàn án," ọkọ mi wí. "Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kó kan ọsàn nìyẹn."

Muadh ní kì í ṣe ọ̀bẹ ọsàn náà ni. Ó ní ọjọ́ tí nǹkan bá le ni ọjọ́ rẹ̀: o wà níbì kan, nǹkan ṣẹlẹ̀, o ti ọwọ́ bọ àpò, ó parí. Àwọn tó kù ní òótọ́ ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́!

Igbe Mama Kosi ni mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. "Chineke! My garri!" Mo sáré jáde. Àgbò ti fa okùn tú, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ń ṣọ́ ọ̀bẹ. Ó ti bá gàrí tí Mama Kosi sá sóòrùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀ abọ́, ó sì ti mu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gàrí ń ṣe tó bá kan omi. Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ wú gbandi. Ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń yí.

"Ó ń kú lọ o!" mo pariwo. Tí àgbò bá kú láìjẹ́ pé ọ̀bẹ kàn án, òkúǹbete ni. Àwa ò ní jẹ ẹ́, mi ò sì ní gbé ohun tí èmi ò lè jẹ fún aládùúgbò mi.

"Ọ̀bẹ dà?" Muadh ń sáré káàkiri. "Ọ̀bẹ dà?"

Ẹ gbà mí! Àwọn tó ti ń fi ọ̀bẹ ṣeré láti àárọ̀ ló ń bi mí pé ọ̀bẹ dà. Ó tún ní kí n mú sáàsì wá. Sáàsì tí mo fi ń gé lẹ́ẹ̀sì oníbàárà! Mo ní orí ẹ̀ ò pé.

Òun àti Àmínù ti fi ọ̀bẹ tiwọn sílé, kí ìkọ́ má bàa fa aṣọ ọdún ya. Gbogbo wa wá yíjú sí ọkọ mi. Ó ti ká ọ̀bẹ padà, ó ti há a mọ́ àpò, ọwọ́ rẹ̀ bò ó.

"Ẹ̀jẹ̀ á wọnú ibi tó ti ń ká," ó wí jẹ́jẹ́. "Málàm ò ní pẹ́ dé."

Láti ọjọ́ tí mo ti bí Sùmáyyà ọmọ wa, mi ò fi orúkọ pe ọkọ mi rí. Lọ́jọ́ yẹn mo pè é lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo pè é lójú aládùúgbò.

"Kàmọ́rù! Láti ìgbà wo ni mo ti ń jẹ adìyẹ obìnrin yìí? Tí àgbò yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, níbo ni kí n fi ojú mi sí ní Kérésì?" Ẹkún sì gbà mí lẹ́nu.

Ó wò mí. Ó wo Mama Kosi tó gbé abọ́ òfìfo dání, tí kò gbọ́ èdè tí à ń sọ. Ó yọ ọ̀bẹ. Kẹ́ńkẹ́.

Àmínù di orí àgbò mú, wọ́n kọjú rẹ̀ sí Kíbílà, Muadh tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bísímílláhì, Alláhù Àkbárù." Ọwọ́ ọkọ mi lọ, ọwọ́ rẹ̀ bọ̀, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ẹ̀mí ṣì wà lára àgbò nígbà tí ọ̀bẹ kàn án, gbogbo wa la rí i. Kí n má parọ́, ọ̀bẹ náà mú. Mi ò ní èyí tó mú tó o rí láyé mi, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ìgbà náà ni Málàm wá kan ilẹ̀kùn géètì, ó kó ọ̀bẹ wa dání, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí wa kú ọdún.

Mo gbé itan fún Mama Kosi, mo bu gàrí mìíràn sí i láti fi tù ú lójú. Ó gba itan, ó dá gàrí padà. Ó ní gàrí òun ṣáà ti wà nínú itan náà. Ó rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, ara mi sì wá balẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, ọkọ mi ti tú ọ̀bẹ palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tèmi o! Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá a tan iná fóònù sí i.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Sùmáyyà," ni mo wí.

Ó kàn mi orí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e mo ra ọsàn. Ọ̀bẹ ilé wà o, gbogbo wọn mú, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọ̀bẹ tó ti rí ẹ̀jẹ̀ àgbò, kí ni ọsàn tún lè fi ṣe? Mo ní kí ọkọ mi yá mi ní tirẹ̀.

Ó fọwọ́ bo àpò. "Ìyá Sùmáyyà, ọ̀bẹ Iléyá lèyí. Àwọn ẹgbẹ́ wa náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Mo la ẹnu láti bi í pé kí ni wọ́n wá rọ ọ́ fún. Mo tún pa á dé. Ọ̀bẹ tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú lójú mi kòrókòró, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bèèrè? Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi bi í. Mo fi eyín bó ọsàn mi.