Ìjókòó Alhaja

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ ká lè tẹ́sìtì ẹ̀. Ẹ lọ jókòó síbi ibòji yẹn, oòrùn ti mú jù."

Ṣóbọ̀wálé mẹkáníìkì ló ń bẹ̀bẹ̀, epo dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Alhaja Ruqoyah, àgbà oníṣòwò àlùbọ́sà ní Mile 12, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó jókòó pa sí ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń jókòó sí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"N ò sọ̀kalẹ̀ lónìí."

"Haba, Mummy!" Mùtíù, ọmọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ náà fún un, ti ń tijú. "Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Owódé Onírin yẹn ti fẹ́ẹ̀ dé."

Bọ̀dá Owódé Onírin ni ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà kó lè tú u tà. Ó ti pe Mùtíù lórí fóònù láàárọ̀ pé bí òun bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, ọ̀dọ̀ Ṣóbọ̀wálé ní Kétu ló kàn.

Láti ìgbà òjò ni ọkọ̀ yìí ti ń fi ojú wọn rí màbo. Á máa lọ geere, bó bá ti kó sí kòtò báyìí, ẹ́ńjìnnì á panu mọ́. Bí Alhaja bá sọ̀kalẹ̀, á tún sítáàtì. Ṣóbọ̀wálé á wà á dé Ìkòsí, á wà á bọ̀, kò ní húkọ́ lásán. Ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ fílítà, ó ti fọ táǹkì epo. Bí Alhaja bá ti tún wọlé tí wọ́n dé títì, ó tún di ká máa tì í.

Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rín ní ìsọ̀ àlùbọ́sà. "Ọkọ̀ ti kọ Alhaja," ni wọ́n ń wí. Mùtíù gan-an ti ń sọ pé kí ìyá òun máa gun ọ̀kadà lọ sọ́jà. Ọ̀kadà! Obìnrin tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ ìlà àlùbọ́sà, tó sì jẹ́ èrè ọwọ́ rẹ̀ ló fi rà á! Ó dùn ún wọra.

"Mùtíù, ta ló ni ọkọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé ó ti kú rí tí n ò sí nínú ẹ̀?"

Mùtíù họ orí. "Rárá, mà."

"Ẹ̀yin wá ń lé mi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àìsàn tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá jókòó síbí nìkan ló máa ń ṣe é, báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i lẹ́yìn mi?"

Ṣóbọ̀wálé fi àkísà nu ọwọ́. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kò jẹ́ fi àgbàlagbà dán ẹ́ńjìnnì wò nínú oòrùn, kò sì sí mẹkáníìkì Kétu tí kò ní kọ́kọ́ wá ìjókòó fún ìyá oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni obìnrin yìí sọ.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé nǹkan kan máa ń ṣẹlẹ̀ kó tó kú?"

"Ó máa ń kùn lábẹ́ ìdí mi níbí. Bó bá ti dákẹ́, ó kú nìyẹn."

"Ó ń kùn? Alhaja, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí? Bóyá kí wọ́n ra pure water fún mi nìkan lẹ máa ń bi mí."

Mùtíù sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣóbọ̀wálé bẹ Alhaja pé kó jọ̀ọ́, kó dìde díẹ̀ kó sì tún jókòó. Alhaja di orí ìjókòó iwájú mú, ó gbéra, ó sì fi gbogbo ara jókòó, gbì! Ẹ́ńjìnnì kú.

"Ẹ ò gbọ́?" ni Alhaja wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ó ti dákẹ́!"

Ìgbà yìí ló tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ká ìjókòó kúrò. Wáyà tó ń gbé iná lọ sídìí pọ́ǹpù epo tó ń kùn yẹn ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, irin ìjókòó sì ti jẹ ẹ́ títí tó fi kù díẹ̀ kó já. Bí èèyàn bá jókòó síbẹ̀ tí ọkọ̀ sì gbọ̀n, irin á tẹ̀ ẹ́, ó sì di pé epo ò dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí onítọ̀hún bá dìde, wáyà á tún fara kanra. Èèyàn mìíràn kì í sì í jókòó síbẹ̀.

Ṣóbọ̀wálé fi wáyà tuntun sí i, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́. Mùtíù dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn níbẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Mummy."

"Dìde, o ti ń dọ̀tí ṣòkòtò."

Fóònù Mùtíù dún. Bọ̀dá Owódé Onírin ló ti dé bọ́sítọ́ọ̀pù. Alhaja gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ má bínú, kì í ṣe títà mọ́. Ẹni tó ni ín fẹ́ gbé e lọ sọ́jà."

Nígbà tí wọ́n dé Mile 12, Mùtíù fẹ́ yà fún kòtò ńlá tó wà níwájú ìsọ̀ àlùbọ́sà, níbi tí ọkọ̀ náà ti máa ń kú jù lójú gbogbo ọjà.

"Má yà fún un," ni Alhaja wí. "Gba inú ẹ̀."

Ọkọ̀ já sí kòtò, gbì! Alhaja fò sókè, ó sì tún jókòó. Ẹ́ńjìnnì ò kú. Orí Alhaja wú. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó na ọwọ́ síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.