Epo Pupa Lára Táyà
Nígbà tí ọsàn tí a ń fi ọkọ̀ kó láti Owódé tán, Yínúsà ọkọ mi bọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì kó wọn sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Bí wọ́n bá bàjẹ́, a ò lágbára òmíràn, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń fi epo pupa pa àwọn táyà náà.

"Ìyá, epo máa ń ba rọ́bà jẹ́!"

"Ọyẹ́ yìí kò ní mú kí wọ́n sán ni? Ṣé ìwọ kì í para ni?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n ń pa epo sí wọn rèé. Mo tún fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí ọwọ́ mi fi sán.

Ìyá rí i. "Mú ọwọ́ wá, ìyàwó. Olóríkunkun."

Ó ti rẹ̀ mí. Mo na méjèèjì sí wọn, mo ní kí wọ́n pa gbogbo epo náà tán síbẹ̀.