Àdúrà Tí Ẹnjiníà Fáníyì Gbà Sórí Díìsìkì Mi

Bí ẹ bá dé Òkè-Ogbò, ẹ ó rí pátákó Ẹnjiníà Fáníyì kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun ń tún fóònù ṣe, òun ń kọ́ni níṣẹ́, òun sì ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n sọ ni "Mi ò mọ̀." Ẹ má bínú pé mi ò pe àgbàlagbà ní "wọ́n." Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Èmi fẹ́ fúnra mi ṣe iṣẹ́ náà nílé, ṣùgbọ́n ìyá mi, Àlàájà Hàjàrá, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Sùmáyà, kí wọ́n wá gbọ́ pé o kò kà wọ́n sí?" Iṣẹ́ ọ̀hún ò ju pé ká pín díìsìkì tuntun sí méjì, kí n lè da ohùn tó wà nínú èyí àtijọ́ sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gba ohùn àwọn àgbà Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ fún ìwé oyè mi. Ìyá Ràbíátù, ìyá tó bí ìyá mi, wà lára wọn. Oṣù kẹrin la sin ìyá àgbà náà, kò sì sí ẹ̀dà ohùn wọn níbòmíràn.

Nígbà tí èmi àti ìyá mi dé ṣọ́ọ̀bù, Ẹnjiníà so díìsìkì méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà mi, ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n máa ń tẹ àṣẹ sí. Ó ní àwọn ọmọdé ló ń lo máòsì. Orí díìsìkì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kékeré kan tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí a bá pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà ò ní mọ ibi tí nǹkan wà mọ́. Díìsìkì mi àtijọ́ ń jẹ́ sdb, tuntun ń jẹ́ sdc. Ẹnjiníà tẹ fdisk, àṣẹ tí a fi ń pín díìsìkì, ó fi sdb tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún orúkọ yẹn wò."

Ìyá mi já mi léèékánná nítan. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àlàájà," ni Ẹnjiníà wí. "Ìwé ló ń gùn ún."

Ó pa ìpín àtijọ́ rẹ́, ó ṣe tuntun méjì. Síbẹ̀, nǹkan kan ò tíì bàjẹ́, nítorí fdisk kì í kọ ohunkóhun sórí díìsìkì àfi tí a bá tẹ w. Bí a bá tẹ q, a ti bọ́. Ẹnjiníà gbé ìka dúró lórí w, ó ní òun kì í parí iṣẹ́ ńlá láìgbàdúrà. Ó dijú. Ó ní kí Ọlọ́run bu ọlá fún iṣẹ́ ọwọ́ òun, kó sì dójú ti àwọn tó ń fẹ́ kí NẸ́PÀ múná lọ. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń wo sdb. Mo lè na ọwọ́ tẹ q. Èmi ọmọ yunifásítì ń bẹ̀rù èékánná ìyá mi, àmín ni mò ń ṣe.

Ó tẹ w.

Díìsìkì mi ṣófo. Ẹnjiníà wò ó, ó wo òrùlé. "Kádàrá ni," ó wí. Ìyá mi ní kí n dúpẹ́, pé ìbá burú jù báyìí lọ. Mo sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún bàbá yẹn rí:

"Ẹ dìde lórí àga, sà."

Ó dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti da ojú ewé kékeré tó ń sọ ààlà ìpín díìsìkì àtijọ́ kọ sínú fáìlì kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà mi, torí mo mọ ẹni tí mò ń lọ bá. Mo fi sfdisk, àṣẹ tó ń kọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ padà sórí díìsìkì, dá a padà, ìlà kan péré. Àwọn fáìlì yọjú. Mo tẹ ọ̀kan, Ìyá Ràbíátù wúkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, bí ìṣe wọn. Mo bú sẹ́kún.

"Ẹ ò rí i!" Ẹnjiníà pariwo. "Àdúrà ti gbà!"

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹnjiníà. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Èmi náà kúnlẹ̀, mo di díìsìkì mi mú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà tuntun ti wà lórí pátákó: "A ń jí díìsìkì tó kú dìde." Ìyá mi ló mú oníbàárà àkọ́kọ́ lọ bá a.