Bọ́tìnì Akérékorò

Kí n tó ki wáyà bọ iná ni mo ti mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan Akérékorò. Òórùn jíjó ti gba inú àpótí iṣẹ́ mi kan. Aṣọ tí mo máa ń fi wé e wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n rún un mọ́ ọn lára bí ẹni tó ń sáré di búrẹ́dì kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀. Mo gbọn ẹ̀rọ náà sórí bébà funfun. Èérún dúdú tó ń dán ló jáde láti ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀. Èérún irin ni. Igi nìkan ni èmi ń fi í fá, n kò fi gé irin rí.

Èmi ni mo sọ ẹ̀rọ náà ní Akérékorò. Kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ lọ. Èèyàn á ki irin tínínrín bọ ẹnu rẹ̀, yálà èyí tó ń fá igi tàbí èyí tó ń mú un dán, á fi sípánà kékeré de nọ́ọ̀tì ẹnu rẹ̀, iná á gbé e, irin náà á sì máa yí bíríbírí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń gé dígí kó lè bá férémù mu. Nílé, nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn kíṣìnnì, igi ni mo fi ń ṣeré. Mo ti gbẹ́ ṣíbí, mo ti gbẹ́ òòyà, mo ti gbẹ́ ẹranko tí kò jọ ẹranko kankan. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí tábìlì mi lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe eré.

Àìsàn kan ló mú ọwọ́ ọ̀tún Màmá wa. Àwọn ìka wọn ká, wọn kò nà tán mọ́. Ọ̀pá tí wọ́n fún wọn ní ọsibítù ń dán, orí rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó yọ̀ lọ́jọ́ kan, Màmá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ní àwọn ò rìn mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n nílé sì ti sọ ọ́ fún wa láìfi bò pé bí ẹsẹ̀ wọn bá fi lè gan síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè nà án mọ́. Mo bá po amọ̀ rírọ̀, mo fi sí wọn lọ́wọ́, mo ní, "Màmá, ẹ fún un." Wọ́n fún un, ìka kọ̀ọ̀kan fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú amọ̀ yẹn ni mo ń wò gbẹ́ orí ọ̀pá tuntun, kí ìka kọ̀ọ̀kan lè rí yàrá tirẹ̀ wọ̀. Ibi àtàǹpàkò ló kù nígbà tí wọ́n ba Akérékorò jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní "wọ́n". Ta ni wọ́n? Yàtọ̀ sí Màmá tí kì í dìde, èmi àti bọ̀dá mi nìkan la ń gbé ilé yìí.

Bọ̀dá mi ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Tíṣà Mọ́tò ni àdúgbò ń pè é. Láàárọ̀ lálẹ́, ohun tó ń tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má kánjú, kí wọ́n wo dígí, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí náà: lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Níbi tí mo ti ń ròyìn yìí, kò sí níbẹ̀, "ó" ni màá máa pè é. Inú ló ń bí mi.

Mo bá a ní pálọ̀, ó ń mu tíì.

"Bọ̀dá, ta ló lo ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ̀rọ wo?"

"Mélòó ni mo ní?"

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tí kò gbóná mọ́. "Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ṣé wọ́n máa ń pẹ́ ni? Ó ti gbó. Ó yẹ kó sinmi."

"Irin ni mo bá nínú rẹ̀."

"Irin náà ṣáà ni wọ́n fi ṣe é."

Mo jáde lọ síbi tó gbé ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sí, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín tó ti ń fi wáyà so rọ̀ tipẹ́, ti wà ní ipò rẹ̀, bóòtù tuntun ń dán lára rẹ̀. Orí bóòtù àtijọ́ tó ti dípẹtà wà nílẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀ kedere, èérún dúdú sì yí i ká. Mo ṣà á, mo padà wọlé, mo gbé e sórí sọ́sà bọ̀dá mi. Ó wò ó. Ó fi ṣíbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ pé inú lè bí èèyàn kí etí rẹ̀ máa hó.

Màmá gbóhùn sókè láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Fi sílẹ̀ fún un. Ṣé o fẹ́ kó máa bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Mi ò ní kí wọ́n bẹ̀ mí, Màmá. Kí wọ́n ṣáà sọ pé 'èmi ni'. Mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ."

Màmá mọ ọmọ wọn. Láti kékeré wa, n kò gbọ́ 'èmi ni' rí lẹ́nu bọ̀dá mi. Nígbà tó fọ́ rédíò Bàbá wa, atẹ́gùn ló fọ́ ọ. Nígbà tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù, kọ́kọ́rọ́ ló yọ́ jáde nínú àpò rẹ̀. Gbogbo ilé á sì sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ni, kí n gbé e mì. Mo ti gbé e mì títí, ikùn mi ti kún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé páálí ńlá kan wọlé, ó gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́ mi, díẹ̀ ló kù kó gbé e lé amọ̀ tí Màmá fún. Ó ní òun ra ẹ̀rọ fún mi, pé èyí lágbára. Mo tú u. Gíráíńdà ni, irú èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó sọ́sà.

"Bọ̀dá, ṣé ibi tí Màmá máa fi àtàǹpàkò sí ni mo fẹ́ gbẹ́ ni, àbí géètì ni mo fẹ́ ṣe?"

"O ò mọ oore," ó wí, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ta mí nínú nígbà tí mo ru páálí náà lọ sọ́dọ̀ onírinṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ, tó sì ń tún un ṣe, ní ìkángun òpópónà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, èmi ni mo gé dígí awò ojú rẹ̀. Ó kó àwọn ẹ̀rọ kékeré jáde fún mi. Àkọ́kọ́ lẹ́wà, àwọn irin rẹ̀ tò sínú àpótí bí abẹ́rẹ́. Mo di ẹnu rẹ̀ mú, mo mì ín, ó ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Irú ìyẹn á fá ibi tí n kò ní kó fá. Ìkejì kò mọ̀ ju kó máa sáré lọ, kò ṣeé dẹ̀, igi á kàn jó dúdú mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ìkẹta dára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ sanra, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi kékeré bí ibi àtàǹpàkò, bí èèyàn ṣe ń di bírò mú ló ṣe gbọ́dọ̀ di ẹ̀rọ mú. Mo yọ Akérékorò nínú báàgì mi, mo gbé e fún un.

Ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ó tẹ́tí sí i, ó wo bí iná ṣe ń ṣẹ́ nínú rẹ̀, ó sì pa á.

"Àǹtí, kábọ̀n tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ló jẹ tán. Kọ́ìlì rẹ̀ ò tíì jó. Èyí dára ju gbogbo ohun tí mo kó sílẹ̀ fún yín lọ, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ." Ó fi ìka tẹ bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ó rọ̀ wọlé, kò padà. "Bọ́tìnì yìí ti lọ. Òun ló ń di ọ̀pá inú rẹ̀ mú kó má yí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tó lò ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì ń yí. Kò ní sùúrù kó dúró pátápátá."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀rín tí kò dùn rárá. Kó dúró pátápátá. Tíṣà Mọ́tò. Onírinṣẹ́ náà gba gíráíńdà, ó fún mi ní kábọ̀n tuntun dípò rẹ̀, ó sì ní òun á ránṣẹ́ wá bọ́tìnì náà.

Mo tú Akérékorò sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún irin kúrò nínú rẹ̀, mo ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n. Mo fi kábọ̀n tuntun sí i, mo dè é padà, mo jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́ láìfá nǹkan kan, títí ohùn rẹ̀ fi já geere. Ó ti yá. Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ irin ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá di iṣẹ́. Nígbà tí kò sí bọ́tìnì, èèyàn ní láti fi púláyà di ọ̀pá náà mú ní ọrùn. Ọwọ́ mi kan di ẹ̀rọ, ìkejì di púláyà, sípánà ń wá ọwọ́ kẹta.

Mo na ohùn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di irin mú."

Ó wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti lọ̀. "Kí ló dé tí kò lè dá dúró?"

"Bọ́tìnì rẹ̀ ti bàjẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí kékeré tó wà níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì di púláyà mú. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo pààrọ̀ irin, mo dè é. Ó dìde. Kò tíì rìn dé pálọ̀ tí mo tún fi pè é.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ó ń mu tíì, mo pè é. Ó ń gbọ́ ìròyìn, mo pè é. Èérún igi ń bà lé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò lè gbọn ọ́n nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà lára púláyà. Kí n má purọ́, àwọn ìgbà kan wà tí irin tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ṣì tó mi lò.

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dúró," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Màmá náà ń dúró."

Láàárín ìyẹn ni onírinṣẹ́ fi bọ́tìnì náà ránṣẹ́ sí mi, nínú ọ̀rá kékeré. Síkúrù méjì péré ni mo ní láti tú kí n fi sí i. Mo wò ó títí. Mo fi í sísàlẹ̀ àpótí iṣẹ́ mi, mo kó sáńpépà lé e lórí, mo sì pariwo pe bọ̀dá mi.

Ibi àtàǹpàkò parí. Mo de orí igi náà mọ́ ọ̀pá, mo gbé e tọ Màmá lọ. Ìka wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò ló wọlé gbẹ̀yìn. Wọ́n fún un. Wọ́n wo ojú mi.

"Ó dì mí mú," wọ́n wí.

Wọ́n dìde. Wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n mí, wọ́n sì rìn padà. Omi bọ́ lójú mi. Bọ̀dá mi pàtẹ́wọ́. "A ti ṣe é," ó wí.

A. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi. Màmá ní ibi ọmọńdinrín ń ha àwọn díẹ̀. Mo gba ọ̀pá náà, mo fi ti ọsibítù lé wọn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, mo kọjá sí yàrá iṣẹ́ mi, bọ̀dá mi sì tẹ̀ lé mi láìjẹ́ pé mo pè é.

"Ẹ bá mi mú sáńpépà nínú àpótí," mo wí. Bóyá mo gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá n kò gbàgbé, títí di òní n kò lè sọ.

Ó pẹ́ nídìí àpótí náà. Nígbà tó yíjú padà, ọ̀rá kékeré náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lèyí dé?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"O sì ń pè mí."

"Mo ń pè yín."

Mo retí ariwo. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá fi dá a lóhùn jọ, wọ́n ti wà létè mi, kò sí èyí tó dùn nínú wọn. Ọ̀pá Màmá ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Bọ̀dá mi wo ẹnu ọ̀nà, ó wo bọ́tìnì. Ó dá a padà sísàlẹ̀ àpótí, ó kó sáńpépà yòókù lé e lórí bó ṣe bá a, ó sì pa àpótí dé. Ó jókòó. Ó fi púláyà di ọrùn Akérékorò mú.

"Èmi ni," ó wí. Púláyà ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wò mí. "Ó ṣì ń yí nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Mò ń kánjú."

Gbogbo ohun tí mo ti tò sétè kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Inú ṣì ń bí mi. Mo ti rò pé tó bá ti sọ ọ́, ìbínú náà á tán lọ́jọ́ náà gan-an, kò tán. Mo gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì.

"Ẹ dì í mú dáadáa, Bọ̀dá," mo wí. "Kó má yọ̀."

Ó dì í mú.