Ìbọn Tó Máa Bá Gàníyù Dọ̀bálẹ̀

Ọkọ mi ò lè pa aáyán. Tó bá rí ẹyọ kan ní kíṣìnì wa ní South Shore, ní Chicago, èmi ló máa pè. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló wá jókòó tì mí ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1982, ó ní òun fẹ́ ra ìbọn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, olè wọ ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ tí Gàníyù ọkọ mi ní sí àdúgbò Chatham, ní ọ̀sán gangan, ó na ìbọn sí i, ó sì kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí owó lọ. Gàníyù ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi í títí, ó ní, "Olè ni, Ràhámọ̀. Kí lo tún fẹ́ gbọ́?" Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ á fò sókè.

Èmi nọ́ọ̀sì ni. Emergency ni mo wà ní ọsibítù kan lápá Hyde Park. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé ẹni tí ọta ìbọn bà wá, àwọn mìíràn nínú wọn sì rèé, ìbọn tiwọn gan-an ni olè gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí láyé yìí: kí n má lọ ṣí aṣọ lójú ẹni tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ kan kí n rí i pé bàbá Tàwàkálítù ọmọ mi ni. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ehn, that's exactly why I need one."

Kò sì sí àyè ìfalẹ̀. Ìlú ti ṣe òfin pé tó bá ti di àárín oṣù kẹrin, àwọn ò ní forúkọ ìbọn ìléwọ́ tuntun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ìbọn há ìbàdí rìn ní títì, àfi nínú ilé rẹ̀ tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ọkọ mi fẹ́ máa fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bùbá.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Adéògún, tó ń ṣe accountant. Adéògún ò yìnbọn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ìbọn. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń jẹ ẹ̀pà mi, ó ń la ọkọ mi lọ́yẹ̀.

"Gàní, listen to me. Nine millimetre ni kóo rà. Ọta mẹ́tàlá ló ń gbà."

"Ṣé èèyàn mẹ́tàlá ló fẹ́ wá jà mí lólè ni?"

"Ó lè má bà á, now! O máa yìn ín títí tó fi máa bà á."

Mo ní, "Kó tó ba olè, á ti ba gbogbo oníbàárà tó wá gbaṣọ."

Adéògún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Má jẹ́ kí wọ́n ta twenty-five, ìbọn kékeré yẹn, fún ẹ o. Tóo bá fi yin olè, á rò pé ẹ̀fọn ló jẹ òun."

"Mo ti rí ẹni tí twenty-five pa," ni mo wí. "Mo ti rí ẹni tí forty-five tó tóbi ò pa, tó ń bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ibi tí ọta bá gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ wà."

Àwọn méjèèjì wò mí bí obìnrin tó ṣèèṣì jókòó sí apá ọkùnrin ní mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí mo rí i pé n ò lè dá a dúró, mo dá ọgbọ́n kan. Gàníyù fẹ́ràn ìkíni ju oúnjẹ lọ. Nínú yìnyín Chicago yìí, tó bá rí àgbà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, á wá dìde bí ẹni tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun lé lórí. Mo ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo máa bá yín lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá máa rà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè fi kírun, tẹ́ ẹ sì lè fi dọ̀bálẹ̀ fún Àáfà Sàláhúdéènì tí wọ́n bá gbé aṣọ wọn wá, tí kò ní yọ, tí kò ní já bọ́. Tí bàbá yẹn bá rí ìbọn lára yín, gbogbo Nigerian tó wà ní South Side ló máa gbọ́."

"No problem," ni ọkọ mi wí.

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ìlú. Gàníyù wọ bùbá àti ṣòkòtò, torí bó ṣe máa ń múra ní Jímọ̀ nìyẹn, ká lè fi dán ìbọn wò. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ńlá ni mo rò pé ó máa dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Juliana ni a bá, tó so gíláàsì ojú kọ́ ọrùn bíi tíṣà.

Gàníyù ní, "Madam, I want a small one. It must not show when I am lying on my face."

Juliana yíjú sí mi. Mo ní, "He greets people."

Ó tú ọta inú àwọn ìbọn náà kúrò ká tó fọwọ́ kàn wọ́n. Thirty-eight ló kọ́kọ́ gbé wá, èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń yí, ọta márùn-ún. Gàníyù fi há okùn ṣòkòtò, ó tẹ̀ bí ẹni tó wà nínú rúkúù ìrun, ìbọn fa ṣòkòtò sísàlẹ̀. Èmi ni mo sáré dì í mú lẹ́yìn. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀, nine millimetre Adéògún ò jẹ́ kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀ rárá, orí ìbọn ló ń gbà yí sọ́tùn-ún yí sósì. Twenty-five kéré débi pé ó gba inú ṣòkòtò lọ, ó yọ lẹ́sẹ̀.

Juliana wá mú three-eighty kan wá, pẹlẹbẹ, pẹ̀lú àpò awọ kékeré tó ń há mọ́ inú ìbàdí. Gàníyù tẹ̀, ó dìde. Ó forí kanlẹ̀, ó dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ìbọn ọdẹ, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kò sí ohun tó yọ. Ọkùnrin kan tó wá ra ọta pàtẹ́wọ́.

Inú mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́. Ọgbọ́n tí mo dá ti bá mi ra ìbọn.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí. Bàbá Juliana, arúgbó òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀bù, jáde síta, irun rẹ̀ funfun báláú. Gàníyù ò ro ohunkóhun. "Ẹ káàsán, sà!" Ó ti wà nílẹ̀.

Ìbọn náà ò mì. Àmọ́ Gàníyù ò dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ tì í. "Bàbá Tàwà, ó ti tó. Wọ́n ti gbọ́ ìkíni yín."

Ó dojú kọ ilẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí mo ṣe ṣe náà nìyẹn."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Olè yẹn. Arúgbó ni, Ràhámọ̀. Ó wọlé, mo rí orí funfun, mo dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ìbọn ti wà níwájú mi. Ó ní, 'Stay down, son.' Mo ní, 'Yes, sir.'"

Mo fẹ́ ṣàánú rẹ̀, ẹ̀rín ló jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ojú ń tì í.

Mo wá bi í, "Ká ní three-eighty yìí wà lára yín lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ̀ bá yìn ín?"

Ó rò ó. "Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ? Ọwọ́ mi ò ní gbé e."

"Yóò gbà á lọ́wọ́ yín nìyẹn. Èmi ni wọ́n sì máa gbé yín wá bá."

Ó dìde. Ó yọ ìbọn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá arúgbó. Juliana bi í pé ṣé ó tóbi jù ni, àbí ọta rẹ̀ ló kéré. Gàníyù ní, "No, madam. It is perfect."

Nínú mọ́tò, kò tètè ṣíná. Ó di sítíárì mú.

"Ràhámọ̀, tó bá tún wá ńkọ́?"

"Ẹ kí i. Ẹ kó gbogbo owó fún un, kẹ́ ẹ wá sílé wá jẹun."

"Tó bá wá jẹ́ ọ̀dọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

"Ẹ kí òun náà," ni mo wí. "Kẹ́ ẹ ṣáà wá sílé."