Adìyẹ Tí Màmá Khaemba Gbé Wá

"Màmá! Màmá, ẹ jáde wá! Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí!"

Naliaka ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Èyí tó dára jù nínú àwọn àkùkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn bí aṣọ tí wọ́n fún. Àwọn abo mẹ́rin nà gbalaja lábẹ́ igi tí wọ́n máa ń bà lé. Àwọn tó ṣẹ́ kù dúró síbẹ̀, wọn ò ké, wọn ò sì sá fún un.

Ilé adìyẹ yìí kì í ṣe ilé àwàdà o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, nígbà tí Khaemba ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Mombasa, tó ń ṣèlérí káfíńtà lórí fóònù. Ó ṣa àjákù pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Kimilili, ó gbé ilé náà sórí òpó kí ìjàlọ má baà wọ̀ ọ́, ó sì kan wáyà mọ́ fèrèsé rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbá a, tó ń da eérú sílẹ̀ rẹ̀ nítorí iná adìyẹ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò ló fún un ní adìyẹ tó fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tó bá gbà gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn nínú ọmọ tí adìyẹ náà bá kọ́kọ́ pa. Nasipondi ló kàn, opó tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ó ti kọ́ ilé adìyẹ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀la ni Naliaka sì yẹ kó kó mẹ́fà fún un.

Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. "Kí ló dé tó o ń ké bí ẹni tí ejò bù jẹ?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ilé adìyẹ náà, ó sì mi orí. "Háà. Ó ti dé ibí náà."

"Kí ló dé ibí, Màmá?"

"Lùkúlùkú ni. Bó ṣe ṣe tèmi náà nìyẹn."

Naliaka yíjú sí i. "Tiyín? Tiyín wo?"

"Gbogbo wọn. Ó gbá wọn lọ pátá. Abo pupa tí mo gbé wá fún ọ nìkan ló kù."

Ara Naliaka tutù. Lọ́jọ́ Àìkú tí Màmá Khaemba sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, abo pupa yẹn ló há sí abíyá, tó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ẹran tó ń kọ́ ẹgbẹ́ wọn ti sọ ọ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o: adìyẹ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ ná. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni. Ìyàwó wo ló máa so adìyẹ tí ìyá ọkọ gbé wá mọ́ ìdí igi píà, níbi tí ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ jókòó sí tó ń wò ó? Ọ̀wọ̀ ni adìyẹ yẹn. Lọ́jọ́ náà, Naliaka kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ fún un.

"Màmá, ẹ mọ̀, ẹ sì gbé e wá?"

"Ṣé kí n wá sílé ọmọ mi lọ́wọ́ òfo ni? Ọ̀kan ṣoṣo tó kù mí kù! Mo ní dípò kó kú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi ni kó jẹ́ tiyín. Ara rẹ̀ le koko nígbà tí mo gbé e."

Irọ́ kọ́ ló ń pa, ìyẹn gan-an ló sì dun Naliaka jù.

Màmá Khaemba gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Àwọn tó ṣì wà lóòró yìí, yára kó mẹ́fà fún opó yẹn báyìí, kó tó hàn lára wọn. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n kú, tirẹ̀ ló kú."

"Màmá!"

"Màmá kí ni? Ṣé èmi ni mo dá àìsàn?"

Naliaka kó àwọn òkú adìyẹ náà sínú àpò, ó sì lọ sìn wọ́n lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀ ló ń wá ohun tó máa sọ fún Nasipondi, kò rí i. Nígbà tó fi gbẹ́ kòtò jíjìn tán tó padà, oòrùn ti kan àtàrí, ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ṣí sílẹ̀, Màmá Khaemba ti fọwọ́, ó sì jókòó.

"Mo ti bá ọ yanjú ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Mo kó wọn fún un láti orí ọgbà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi gbà wọ́n."

Orí Naliaka wú. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò gbójú sókè sí obìnrin yìí rí.

"Ìkà lẹ ṣe yẹn, Màmá," ló wí, kò sì dúró gbọ́ èsì.

Òórùn àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lágboolé Nasipondi. Opó náà jó jáde látinú ilé ìdáná.

"Ìyàwó Khaemba! Mo ní ọ̀la ni, o ti mú un ṣẹ lónìí! Wọlé, jókòó!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n..."

"N ò gbọ́. Jókòó! Àkùkọ mi, èyí tó máa ń lé ajá, mo ti pa á nítorí rẹ."

Ó gbé ugali, òkèlè àgbàdo, kalẹ̀, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó sì fi ṣíbí wá iwe inú ìkòkò náà títí ó fi rí i. Ó gbé e sórí oúnjẹ Naliaka. "Nílé yìí, baálé ló ń jẹ iwe. Baálé ti sùn. Ìwọ ni mo fún lónìí. Jẹ ẹ́, kí n máa wò ọ́."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Naliaka mọ̀ pé bí òun bá jẹ ẹ́, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Ó fọwọ́ ti abọ́ náà sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wọn, ó sàn kí ènìyàn gbá olóúnjẹ létí ju kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín kú lójú Nasipondi. "Kí ló dé? Ọbẹ̀ mi ń rùn ni?"

"Lùkúlùkú ti wọ ilé adìyẹ mi, Ẹ̀gbọ́n. Márùn-ún kú láàárọ̀ yìí. Àárín wọn ni wọ́n ti kó àwọn tiyín wá."

Nasipondi wo ojú fèrèsé. Abo rẹ̀ tó lọ́mọ lẹ́yìn ń ṣa àgbàdo níta pẹ̀lú àwọn mẹ́fà náà, wọ́n ń fi ara gba ara. Ó káwọ́ lérí.

"Ìyá ọkọ rẹ mọ̀?"

Ó rọrùn láti sọ pé arúgbó ni, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Naliaka wo iwe tó wà nínú abọ́ náà. "Ó mọ̀. Èmi náà sì mọ̀. Ó sọ ọ́ lójú mi pé ká kó wọn fún yín, mi ò ké gbàjarè, mi ò sì sáré wá kìlọ̀ fún yín."

Nasipondi kò bú u. Ó na ọwọ́, ó mú iwe náà kúrò nínú abọ́ Naliaka, ó dá a padà sínú ìkòkò, ó sì dé e.

"Dìde," ló wí. "Wá bá mi yọ tìrẹ kúrò láàárín tèmi. Tá a bá ṣe tán, màá mọ̀ bóyá a ṣì jọ ń jẹun."