Pátákó Orúkọ Níwájú Àgbàdo

Inú Àǹtí Má-fọwọ́-kàn-án dùn nígbà tó kúrò nílé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, àmọ́ aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí inú náà fi bàjẹ́. Ó dá alùpùpù rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó wo oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó tún un wò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Àgbàdo dúdú minimini. Ìhín dúdú, ọ̀hún dúdú. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Mo gbé! Àwọn èèyàn yìí ti pa mí!"

Ẹni tí kò bá mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ á ní orí obìnrin yìí ti dàrú. Ta ló ń rí àgbàdo tó dára tó wá ń ké gbàjarè? Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ń bí èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá nínú.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa lọ láti abúlé dé abúlé, kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn ará ilé wọn bí wọ́n ṣe lè mú oko wọn dára sí i. Ọ́fíìsì ìlú ńlá ló ń rán an. Ní abúlé yìí, ó kó ọmọ mẹ́jọ jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilẹ̀ kékeré lẹ́bàá ọ̀nà níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé, ó ri pátákó orúkọ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì pín ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì. Irúgbìn kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbìn ín. Ní apá tuntun, kí wọ́n da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí ìdí àgbàdo. Ní apá àtijọ́, kí wọ́n má da nǹkankan sí i, bí bàbá wọn ṣe ń ṣe é. Tó bá di ìgbà ìkórè, gbogbo ayé á wá wo apá méjèèjì, ojú wọn á rí ohun tí etí wọn kọ̀ láti gbọ́. Àgbàdo tí kò dára yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Bí kò bá sí èyí tí kò dára, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ èyí tó dára?

Ó sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. "Apá àtijọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má da nǹkankan sí i, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Nígbà tó sọ ọ́ tó ìgbà ogún, àwọn ará abúlé kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń jẹ́ orúkọ náà, torí ó rò pé ẹni tó ń pe orúkọ yẹn lójoojúmọ́ ò ní gbàgbé ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ ẹ̀ rí i bí èèyàn ṣe ń tan ara ẹ̀ jẹ.

Ká ní ọ̀rọ̀ àgbàdo lásán ni, ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní Onírúlà, torí kì í rìn láìsí rúlà lọ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọn àgbàdo rẹ̀ ní ìdí kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti parí ilé ìwé girama, ilé ló jókòó sí láti ìgbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú ńlá wá fi àyè ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún abúlé náà, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti ibùsùn. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ bá bá oko rẹ̀ mu, tí oko náà sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ló máa gbà á. Bí Onírúlà ò bá rí àyè yìí, kò sí òmíràn mọ́. Lọ́jọ́ kejì gan-an, lọ́jọ́ Ẹtì, ni ọ̀gá alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì.

Alùpùpù tó bàjẹ́ ni kò jẹ́ kí àǹtí dé abúlé náà fún odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré! Ó gbéra, ó di ilé Onírúlà.

Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Inú yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àjákù aṣọ nílẹ̀ káàkiri, téèpù lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ dé yìí, àǹtí! Ẹ mà kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ìyá Onírúlà, ta ló da ajílẹ̀ sí apá àtijọ́?"

Ẹsẹ̀ aránṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ajílẹ̀ kẹ̀? Ajílẹ̀ wo?"

"Àgbàdo tó yẹ kó rí játijàti ti ga jù mí lọ!"

"Ọlọ́run ló ṣe é."

"Ṣé Ọlọ́run ló bu ìgbẹ́ adìyẹ?"

"Àǹtí, ẹ má fi Ọlọ́run ṣeré. Ilẹ̀ wa ló dáa."

Àǹtí na ọrùn wo ẹ̀yìnkùlé. Ilé adìyẹ mọ́ tónítóní, kò sí ìgbẹ́ tó kún ọwọ́ níbẹ̀. Garawa kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òórùn tó ń tibẹ̀ bọ̀ sì tó láti jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Ó jáde.

Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Onírúlà tó gbé omi bọ̀. Ọmọ náà sọ omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, kò wo ojú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mà."

Ó mú ìwé náà wá. Àǹtí ṣí i lórí ìdúró. Ọ̀sẹ̀ keje: apá àtijọ́ fi ìka mẹ́rin ga jù bó ṣe yẹ lọ. Mo gbọ́ òórùn ajílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dà á. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: mo rí màmá mi níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Abọ́ mẹ́rin. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án: abọ́ mẹ́rin.

"Yé, ọmọ yìí!" Àǹtí ti ìwé náà pa. "Bí ọ̀gá bá ka èyí lọ́la, tó sì bi ìyá ẹ, ṣé o mọ ohun tó máa sọ? Á ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àgbà ni ọ̀gá máa gbà gbọ́. Ìwọ á wá di òpùrọ́, àyè á sì bọ́. Ṣé o ò kúkú ní…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ojú tì í.

"Kí n kọ ohun tí mi ò wọ̀n, mà?"

Àǹtí wo ọmọ náà, ó wo ìwé, ó dá a padà fún un. Inú bí i dé ilé. Inú ń bí i sí ìyá ọmọ, ó ń bí i sí alùpùpù, ó ń bí i sí àwọn adìyẹ pàápàá.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ọ̀gá alábẹ̀wò dé, ọkùnrin gígùn tó gbé fọ́ọ̀mù lé pátákó, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Àwọn òbí ti tò síwájú gbọ̀ngàn nínú aṣọ tó dáa jù nínú àpótí wọn, wọ́n ń yan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tiwọn, wọ́n ti gbayì.

Ọ̀gá wọn oko àkọ́kọ́, ti ọmọ bíríkìlà. Apá méjèèjì dọ́gba. Ó kọ òdo sí àyè ìyàtọ̀. Oko kejì, òdo. Ẹ̀kẹta, òdo. Àǹtí ń ka òdo lọ́kàn, òógùn ń jẹ́ kí awò ojú rẹ̀ yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti imú. Ọ̀gá gba ìwé àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà, ó ń wo oko, ó ń mi orí. Ìgbà tó dé ìdí oko kẹjọ, tó ka ìwé Onírúlà, ó dúró.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"O kọ ọ́ pé ìyá ẹ ló da ajílẹ̀ síbẹ̀." Ó gbé ohùn sókè. "Ìyá ọmọ yìí dà?"

Aránṣọ jáde. Gbogbo abúlé na etí.

"Ìyá, ẹ sọ fún mi. Òótọ́ ni àbí irọ́? Bó bá jẹ́ irọ́, màá fagi lé orúkọ ọmọ yìí nísinsìnyí."

Aránṣọ wo àwọn aládùúgbò tó ń wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó di rúlà mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Àǹtí ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, sọ ọ́, obìnrin yìí, jọ̀ọ́ sọ ọ́, ọjọ́ kan ni ìtìjú, àyè ọmọ ò sí lọ́jà.

"Èmi ni," aránṣọ wí.

"Kí lẹ ṣe gan-an?"

"Abọ́ mẹ́rin, ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mo kọ́kọ́ kó o jọ, mo fi ewé bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó jẹrà, torí àǹtí ní èyí tó bá tutù á jó àgbàdo. Mi ò dà á lé ìdí ẹ̀ gan-an. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí i, mo wa ilẹ̀ bò ó, kí òjò má baà wọ́ ọ lọ."

Ẹnu àǹtí là sílẹ̀. Obìnrin tó ń ká etí aṣọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe kíláàsì! Ó ti fi gbogbo ara gbàgbọ́ pé kò gbọ́ ẹyọ kan.

"Ẹ ṣe wá ṣe é?"

Aránṣọ na ọwọ́ sí pátákó tó wà níwájú oko náà. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, gàdàgbà. "Ọkọ mi nìyẹn, sà. Ọdún kẹfà tó ti kú rèé. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ́nà yìí ló ń ka orúkọ ẹ̀. Ṣé kí n wá máa wò ó, kí wọ́n máa ka orúkọ ọkọ mi níwájú àgbàdo tó ti rọ jọwọrọ? Kò ṣeé ṣe fún mi."

Bíríkìlà wúkọ́. "Tèmi, abọ́ márùn-ún ni."

"Márùn-ún kẹ̀?" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Ìgbà tí èmi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ò tíì ní garawa! Garawa mi lẹ yá!"

Bó ṣe di ìjà nìyẹn. Kálukú ń ka abọ́ tirẹ̀, kálukú ń ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ kí tirẹ̀ jẹrà, wọ́n ń tún ara wọn ṣe lẹ́nu. Àǹtí wo pátákó mẹ́jọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ọ̀dà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìdílé mẹ́jọ síwájú àgbàdo tó fẹ́ kó bàjẹ́. Ó wá fẹ́ kí wọ́n ká ọwọ́ gbera. Ó bú ara rẹ̀ lọ́kàn, ó bú u dáadáa.

Ọ̀gá wo fọ́ọ̀mù síwá sẹ́yìn. "Ibi tí mo ti máa kọ èyí ò sí níbí." Ó kó ìwé àwọn ọmọ náà lé ara wọn. "Ìwé méje sọ pé apá àtijọ́ gbẹ, wọ́n kọ nọ́ńbà tó wu olùkọ́ wọn. Ojú mi ò rí nọ́ńbà yẹn nínú oko. Ìwé kan ló bá oko mu, oko náà sì ti kọ́ àwọn èèyàn yìí lẹ́kọ̀ọ́." Ó yíjú sí Onírúlà. "Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, kó ẹrù ẹ wá. Mú rúlà yẹn dání."

Aránṣọ bú sẹ́kún níbẹ̀, kò fi téèpù ọrùn rẹ̀ nu ojú, etí ìró tó wà lára rẹ̀ ló fi nù ún.

Nígbà tí àsìkò ọ̀gbìn tún dé, àǹtí ti gbọ́n. Ó fi orúkọ àwọn ọmọ sí apá tuntun nìkan. Ní apá àtijọ́ oko kọ̀ọ̀kan, ó gbé pátákó tirẹ̀ kalẹ̀: ÀǸTÍ MÁ-FỌWỌ́-KÀN-ÁN. "Kí ìtìjú wà lọ́rùn mi," ló wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà, wọ́n búra.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló padà wá. Ó dá alùpùpù dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Apá tuntun dúdú. Apá tó jẹ́ tirẹ̀ tún dúdú jù ú lọ.

Ó wọ yàrá aránṣọ láìkan ilẹ̀kùn. Lẹ́tà Onírúlà wà lórí ẹ̀rọ, òkúta kékeré kan ni wọ́n gbé lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

"Ìyá Onírúlà!"

"Ẹ má tíì pariwo, àǹtí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ mi débi tó dé, kí n wá jókòó síbí, kí àwọn èèyàn máa ka orúkọ yín níwájú àgbàdo gbígbẹ? Ó tì o! Gbogbo wa la jọ sọ ọ́."

Àǹtí fa àpótí ìjókòó tó ti kọ̀ láti jókòó lé láti ọdún tó kọjá, ó jókòó.

"Abọ́ mélòó?"

"Mẹ́fà," aránṣọ wí, ó sì lọ bu omi fún un.